Ríra ilẹ̀ tà ní Ògbómọ̀ṣọ́: bí ẹ ṣe lè ṣe é tí owó yín kò fi ní há

Ìdí tí owó ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń há sínú ilẹ̀ kì í ṣe pé ilẹ̀ kò lọ́jà. Ohun tí kò ṣeé tà ni wọ́n rà. Ẹni tó ra ilẹ̀ láti fi kọ́lé lè gba ìwé tí kò pé mọ́ra: yóò mọ búlọ́ọ̀kù yí i ká, yóò kó wọ inú rẹ̀, kó tó pé ọdún mẹ́wàá gbogbo àdúgbò á ti mọ̀ ọ́n sí onílé. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á kí ẹ sì tún un tà láàárín ọdún kan tàbí méjì kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín ń bọ̀ wá béèrè ìwé, lọ́yà rẹ̀ náà ń bọ̀ wá wádìí, ìbéèrè tí ẹ kò bá sì rí dáhùn lọ́jọ́ náà ni yóò fi gé owó yín, tàbí kó kàn bá tirẹ̀ lọ.

Nítorí náà, kì í ṣe ilẹ̀ tó dára jù lẹ máa wá. Ilẹ̀ tó ní àbùkù tó ṣeé tún ṣe lẹ máa wá. Ẹ fi àbùkù náà ná an wálẹ̀, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì tà á ní iye tí ilẹ̀ tí kò lábùkù ń lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Ọ̀yọ́ náà yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ẹ ka owó kí ẹ tó wo ilẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni, kì í ṣe iye tí ọjà ń pè. Ẹ fi iye tí ẹ bá gbọ́ lágbègbè tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ká ní ẹ ra éékà kan ní ₦3,000,000. Éékà kan jẹ́ 43,560 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Pílọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 jẹ́ 7,200, nítorí náà ẹni tó bá fi fóònù pín in yóò sọ pé pílọ́ọ̀tì mẹ́fà ló wà nínú éékà kan. Lórí ìwé ni. Tí ẹ bá gé e sí mẹ́fà, ọ̀nà kò ní sí láàárín wọn, ta ló sì fẹ́ ra pílọ́ọ̀tì tó jẹ́ pé inú ilẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò máa gbà wọlé? Ẹ kà á sí márùn-ún, kí 7,560 tó ṣẹ́kù jẹ́ ọ̀nà.

Ajẹ́ńtì gba ìdá kan nínú mẹ́wàá, ₦300,000. Lọ́yà gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ₦150,000. Sọ́féyọ̀ gba ₦250,000. Ṣíṣán igbó àti lílà ọ̀nà gba ₦200,000. Obì, ọtí, àti àwọn owó ìdílé tí wọn kì í kọ sínú ìwé kankan, ₦50,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,950,000. Ẹ wá ta pílọ́ọ̀tì márààrún ní ₦1,100,000 ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó di ₦5,500,000. Ẹ fún àwọn tó mú oníbàárà wá ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ₦275,000. Èrè tó kù sí yín lọ́wọ́ jẹ́ ₦1,275,000, bíi ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹ kó kalẹ̀.

Ó dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n oṣù mélòó ló gbà? Tó bá gba oṣù méjìdínlógún kí pílọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn tó lọ, èrè ọdún kan ti di nǹkan bíi ìdá 21. Ká wá ní ọwọ́ báńkì lẹ ti yá owó náà ní èlé ìdá 30 lọ́dún. Èlé oṣù méjìdínlógún lórí ₦3,950,000 jẹ́ ₦1,777,500. Gbogbo èrè yín kò tó èlé báńkì. Ẹ ti fi ₦502,500 ti ara yín kún un, lẹ́yìn gbogbo oòrùn tí ẹ ti jẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kò sí owó èlé tó yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kéré ju ti báńkì lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù yín, ilẹ̀ kì í sì í tà lóṣooṣù.

Àwọn kan a máa béèrè nípa owó ilé gbígbé ti Federal Mortgage Bank, èyí tí èlé rẹ̀ kéré gan-an sí ti àwọn báńkì yòókù tí wọ́n sì lè fi tó ọgbọ̀n ọdún san. Owó yẹn kò wà fún ríra tà. Inú àpò National Housing Fund tí òfin dá sílẹ̀ ní 1992 ló ti ń wá, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń dá ìdá 2.5 nínú owó oṣù rẹ̀, ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé tàbí ra ilé tí òun fúnra rẹ̀ yóò gbé ni wọ́n ń yá. Síbẹ̀, ẹ fi í sọ́kàn. Olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tó fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ yín lè ní in lọ́kàn láti lo owó náà lọ́jọ́ iwájú, báńkì tó sì ń bójú tó o kò ní gba risíìtì ìdílé lásán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù lórí owó. Ẹni tó ní ìpín iléeṣẹ́ ní Nigerian Exchange lè tà á láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí owó sì ti wọlé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ìpín lè já wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé jáde nínú rẹ̀. Ilẹ̀ kò ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ, owó tí ìyá yín lè nílò nílé ìwòsàn, ẹ má kó o sínú ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ tà.

Agbègbè

LAUTECH, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, ló ń gbé owó ilẹ̀ sókè ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Under G, Adéníkẹ̀ àti Stadium, ilẹ̀ ti wọ́n débi pé ẹni tó fẹ́ kọ́ hósítẹ́ẹ̀lì nìkan ló lè rà á lọ́wọ́ yín, irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀. Wọ́n tún máa ń sá tí nǹkan bá mì. Nígbà tí yunifásítì náà tì pa fún ọ̀pọ̀ oṣù láàárín 2016 sí 2017 lórí owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ méjèèjì tó ni í nígbà náà kò san, yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ṣófo, ta ló wá fẹ́ ra ilẹ̀ hósítẹ́ẹ̀lì? Láti 2020 ni ó ti di ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan, ọkàn àwọn èèyàn sì balẹ̀ díẹ̀ sí i. Síbẹ̀, mi ò ní kó gbogbo owó mi sí ibi tó jẹ́ pé ìlẹ̀kùn iléèwé kan ṣoṣo ló ń darí rẹ̀.

Etí ìlú ni mo fara mọ́ jù: ọ̀nà Ìlọrin, ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, àti apá ibi tí títì tuntun tó lọ sí Ìsẹ́yìn gbà. Ẹ tẹ̀ lé òpó iná títí dé ibi tí ó ti tán, kí ẹ wá dúró níbẹ̀. Ilẹ̀ tó wà ní òpó méjì sí mẹ́ta sí ibi tí iná dúró sí ni ẹ fẹ́. Ẹ wo àwọn ilé tó wà níbẹ̀ dáadáa: ṣé kọ́tìnnì wà lójú fèrèsé, ṣé aṣọ wà lórí okùn? Ibi tí gbogbo ilé ti dúró sí lẹ́ńtẹ́lì, tí koríko ti hù nínú pálọ̀, ibi tí owó ti tán lọ́wọ́ àwọn tó rà á nìyẹn. Ilẹ̀ yóò pọ̀ níbẹ̀ ní ẹ̀dínwó, wọ́n á sì máa bá yín du oníbàárà kan náà.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gbẹ́ títì ńlá. Títì tó ti Ọ̀yọ́ gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin, ti ìjọba àpapọ̀ ni, mítà 45.72 láti àárín títì sí ọ̀tún àti sí òsì kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè tà fún yín. Bákan náà ni abẹ́ wáyà iná ńlá: mítà 15 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wáyà 132kV, mítà 25 ní ti 330kV. Wọ́n ṣì ń tà wọ́n. Owó wọn sì máa ń dín.

Àbùkù tó ṣeé tún ṣe, àtèyí tí kò ṣeé tún ṣe

Ilẹ̀ tí kò ní píláánù sọ́féyọ̀ rí, ẹ rà á. Ilẹ̀ tí igbó ti bò débi pé ajẹ́ńtì kò lè fi ààlà rẹ̀ hàn, ẹ lè rà á. Éékà tó tóbi jù fún ẹni tó nílò pílọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, òun gan-an ni ọjà yín. Ilẹ̀ tí bàbá ti rà láyé àtijọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Jọ́ọ̀sì, Kánò tàbí Gánà tí wọn kò sì fẹ́ padà wá kọ́ nǹkan kan níbẹ̀, ẹ wá a lójú méjèèjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ rin ìrìn àjò ọjà gan-an, ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn kò kéré. Ohun tí irú rẹ̀ nílò kò ju kí gbogbo àwọn ọmọ fọwọ́ síwèé.

Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn ni ilẹ̀ tó wà nílé ẹjọ́, ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, ilẹ̀ tí ìdílé ń du ipò olórí ẹbí lórí rẹ̀, àti ojú omi. Ẹ tún fi ilé ògbólógbòó tó wà láàárín agboolé kún un. Ó lè wù yín pé ẹ ra ilé alámọ̀ kan lẹ́bàá Ọjàgbó kí ẹ wó o, kí ẹ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wọ inú rẹ̀ ná. Nínú pálọ̀, sìmẹ́ńtì kan á ga ju ìyókù lọ, wọ́n á ti tẹ́ ẹní lé e, àga á sì wà lórí rẹ̀: bàbá àgbà ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Kò sí lọ́yà tó lè bá yín yọ sàréè kúrò nínú ìwé, kò sì sí oníbàárà tó fẹ́ tẹ́ táìsì lé e.

Ta ló ni ilẹ̀?

Ibí ni ẹ máa lò sí jù. Ẹ má yára kúrò níbẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń dáko. Ilẹ̀ tó yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká kún fún kajú àti mángòrò, ẹni tí ẹ bá bá lábẹ́ igi lè máa pe ara rẹ̀ ní onílẹ̀ nítorí pé bàbá rẹ̀ ló gbin igi náà. Kò parọ́ ní ti igi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìṣákọ́lẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń san, àlejò ni lórí ilẹ̀ náà, kò lè tà á, bó ti wù kó pẹ́ tó níbẹ̀. Ní ìdàkejì, tí ẹ bá rà á lọ́wọ́ onílẹ̀ gan-an láì bá olóko náà sọ̀rọ̀, ẹ ó rí i lójú ọ̀nà pẹ̀lú àdá lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣán igbó. Owó igi rẹ̀ ẹ san án, kí ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ti gbà á.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti fi wádìí ni kí ẹ padà lọ síbẹ̀ láìmú ajẹ́ńtì dání, kí ẹ bá àwọn tó pààlà pẹ̀lú ilẹ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ̀rọ̀. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ. Ẹ má béèrè pé “Ta ló ń ta ilẹ̀ yìí?” nítorí ìbéèrè yẹn ń mú kí kálukú rí owó. Ẹ bi wọ́n báyìí:

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni àwọn bàbá yín bá pààlà lápá ibí yìí?”

Bàbá á na ọwọ́ sí àwọn pèrègún tó tò lọ bí okùn láàárín koríko, á ní, “Láti ibi pèrègún yẹn lọ, ti àwọn onílé òkè ni. Àwọn tí ẹ ń wò yẹn, wọ́n wá roko ni, bàbá wọn máa ń gbé iṣu lọ fún wọn lọ́dọọdún.” Ìṣákọ́lẹ̀ ni iṣu yẹn. Gbólóhùn kan yìí lè gba odindi owó yín là. Tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta bá dárúkọ ìdílé kan náà, ẹ lè máa bá a lọ. Tí orúkọ bá ti di méjì, ẹ dúró.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó lọ sọ́dọ̀ ìdílé. Òfin lórí ilẹ̀ ẹbí kò díjú: tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí olórí ẹbí bá dá tà á láìsí ìmọ̀ àwọn àgbà tó ń ṣojú ẹ̀ka ìdílé, ilé ẹjọ́ lè dà á nù tí wọ́n bá tètè fẹjọ́ sùn. Ẹ bi wọ́n pé ìdí igi mélòó, ìyẹn ẹ̀ka àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ló wà nínú ìdílé, kí ẹ sì rí i pé ẹnì kan ti ìdí igi kọ̀ọ̀kan wá fọwọ́ sí i. Ọmọ tó gé irun rẹ̀ dáadáa tó sì ń sọ pé “Èmi ni àgbà ìdílé rán” kò tó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyàwó kejì tí wọn kò ka àwọn ọmọ rẹ̀ sí ni wàhálà ti ń jáde wá, pàápàá tí èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó bá wálé ní Kérésìmesì tó bá òpó ààlà tuntun lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ẹ lọ kí baálẹ̀ abúlé náà pẹ̀lú. Wọ́n á gba obì, wọ́n á sì sọ ìtàn. Ṣùgbọ́n ìtàn lẹ lọ gbọ́. Ìfọwọ́sí baálẹ̀ kò lè dípò ti ìdílé tó ni ilẹ̀.

Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ ní oṣù Keje tàbí oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn òjò ńlá. Ilẹ̀ tó gbẹ kanranjangbọ́n nígbà ọyẹ́ lè jẹ́ ọ̀nà àgbàrá. Ẹ mú àdá tàbí ọkọ́ dání, ẹ gbẹ́ ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Tí ó bá jẹ́ pé yangí tàbí àpáta ni ẹ ń kàn ní kíá, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ àti ṣáláńgá níbẹ̀ yóò náwó, yóò sì bá yín dín in. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé tó wà nítòsí bí kànga wọn ṣe jìn tó, àti oṣù tó máa ń gbẹ. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé yóò béèrè ìbéèrè yìí lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí ìdáhùn wà.

Ìbàdàn

Ẹ gba sọ́féyọ̀ tiyín, tó ní ìwé àṣẹ, kì í ṣe èyí tí ìdílé mú wá. Kó wọn igun ilẹ̀ náà, kó sì gbé nọ́ńbà àwọn igun náà lọ sí ọ́fíìsì Sọ́féyọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Ìbàdàn láti wò ó lórí máàpù bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà tàbí sínú píláánù ẹlòmíràn. Kí lọ́yà yín lọ wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní iléeṣẹ́ ilẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, Àgọ́dí. Kó tún béèrè ní ilé ẹjọ́ gíga àti kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Owó ọkọ̀ àti owó ìwádìí yìí ni owó tí àwọn olówó kékeré máa ń yẹra fún. Mi ò rí ibi tí fífi owó yẹn pamọ́ ti mú èrè wá rí.

Látìgbà tí òfin ilẹ̀ ti 1978 ti jáde ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ti wà níkàáwọ́ gómìnà. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ tó ti ní C of O, ìwé ìjọba tó fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀, fi nílò ìfọwọ́sí gómìnà kí ó tó lè yí ọwọ́ padà, C of O náà sì máa ń jẹ́ ti ọdún 99. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n fún un, kí ẹ sì ṣírò iye ọdún tó kù.

Owó sísan àti ìwé

Ẹ san án gba báńkì. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 lórí owó tí kò mọ́ kò gba kí ẹnì kan san tàbí gba ju ₦5,000,000 lọ ní owó ọwọ́. Yàtọ̀ sí òfin, àkọsílẹ̀ báńkì kì í gbàgbé orúkọ. Kí àkọ́ọ̀ntì náà jẹ́ ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, kì í ṣe ti ajẹ́ńtì.

Ìwé mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ gbà. Risíìtì ìdílé ni àkọ́kọ́. Agirímẹ́ńtì títà tí lọ́yà kọ ni ìkejì, kí lọ́yà náà jẹ́ tiyín. Tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń fọwọ́ síwèé kò bá mọ̀wé, kí ìwé náà ní ibi tó ti sọ pé wọ́n kà á fún un ní èdè Yorùbá, ó sì yé e kó tó tẹ ìka. Láìsí gbólóhùn yẹn, ọmọ rẹ̀ tó mọ̀wé lè wá sọ lọ́jọ́ kan pé wọ́n tan bàbá òun jẹ. Ẹ̀kẹta ni páwà ọ́fù atọ́nì, níbi tí ìdílé ti fún yín lágbára láti gé ilẹ̀ náà kí ẹ sì tà á fún ẹlòmíràn ní orúkọ wọn. Èyí tí ẹ fi owó gbà, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kò ṣeé gbà padà, wọn kò lè gbà á lọ́wọ́ yín bó ti wù wọ́n. Òun kọ́ ló ń sọ yín di onílẹ̀, agirímẹ́ńtì ló ń ṣe ìyẹn. Ohun tó ń ṣe fún yín ni pé ẹ kò ní máa padà lọ wá ìbuwọ́lùwé bàbá ẹni àádọ́rin ọdún nígbàkúùgbà tí pílọ́ọ̀tì kan bá tà. Àwọn bàbá a máa kú. Nínú éékà tí ẹ fẹ́ gé, mo ka ìwé yìí sí ju risíìtì lọ.

Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dá díẹ̀ dúró títí sọ́féyọ̀ yóò fi rì òpó ààlà mọ́lẹ̀ lójú àwọn ìdílé àti àwọn tó pààlà, láìsí ariwo. Tí ariwo bá wà, ọjọ́ yẹn ni yóò jáde. Ẹ ya fídíò rẹ̀.

Àtúnṣe

Ẹ ṣán an. Ẹ la ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí òpó ààlà pílọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan hàn, kí ẹ kun orí wọn ní pupa, kí ẹ sì gbin pèrègún síbẹ̀ pẹ̀lú nítorí òpó sìmẹ́ńtì ṣeé hú lóru. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Géètì aláwọ̀ wúrà àti pátákó tí wọ́n kọ “Estate” sí kò fi nǹkan kan kún ilẹ̀ ẹ̀yìn odi, ó sì lè mú kí àwọn tó ń rí sí ètò ìlú wá béèrè ìwé àṣẹ tí ẹ kò gbà. Igi mángòrò ńlá tó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ fi í sílẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni oníbàárà yóò dúró sí nígbà tí ẹ bá ń dúnàádúrà.

Ní ti C of O, tí ẹ bá fẹ́ gé ilẹ̀ sí kéékèèké kí ẹ tètè tà á, mi ò gbà yín nímọ̀ràn láti máa lé e. Ó ń jẹ owó, ó sì ń jẹ oṣù. Píláánù tó mọ́, agirímẹ́ńtì àti páwà ọ́fù atọ́nì tó fún ọ̀pọ̀ oníbàárà Ògbómọ̀ṣọ́. Tó bá jẹ́ pílọ́ọ̀tì kan tàbí méjì tó wà láàárín ìlú, tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lo owó ilé gbígbé lè rà, ọ̀rọ̀ yí padà. Níbẹ̀, ìwé ìjọba lè san ara rẹ̀ padà.

Títà

Oṣù Kejìlá ni ọjà ilẹ̀ máa ń gbóná jù, lẹ́yìn rẹ̀ Ọdún Àjíǹde àti Iléyá, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá wálé. Kí ohun gbogbo ti wà ní sẹpẹ́ kí oṣù Kọkànlá tó parí. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ LAUTECH ni ẹ tún máa kàn sí, nítorí wọ́n lè ra mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Tí ẹ bá ń kọ ìkéde sí WhatsApp, ẹ yéé kọ pé ilẹ̀ náà “dára gan-an”. Ẹ kọ ohun tí èèyàn lè lọ yẹ̀ wò: “Pílọ́ọ̀tì márùn-ún, 60 sí 120, ọ̀nà Ìkòyí. Òpó iná kejì. Ọ̀nà tí a là gbòòrò. Píláánù wà, a ti yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìbàdàn. Olórí ẹbí wà láàyè, ẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀.” Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí máa ń ta ilẹ̀ ju fọ́tò lọ.

Ẹ ta pílọ́ọ̀tì méjì àkọ́kọ́ ní iye tí kò ga, kí ẹ tètè rí díẹ̀ nínú ojú owó yín. Ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í mọ búlọ́ọ̀kù níbẹ̀ ń polówó mẹ́ta tó kù fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó fẹ́ máa san díẹ̀díẹ̀, ẹ gbà fún un, kí oṣù àti iye rẹ̀ wà nínú ìwé, kó sì yé e pé agirímẹ́ńtì dúró sọ́wọ́ yín títí yóò fi san tán.

Owó orí wà o. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èrè lórí ohun ìní ti dara pọ̀ mọ́ owó tó ń wọlé fún èèyàn lọ́dún: ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí, ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń gòkè bẹ́ẹ̀. Gbogbo risíìtì sọ́féyọ̀, lọ́yà àti ajẹ́ńtì, ẹ tọ́jú wọn, torí wọ́n ń fi hàn pé kì í ṣe gbogbo owó tí ẹ gbà ni èrè.

Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá san owó rẹ̀ tán, ẹ mú un rin òpó ààlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ mú un lọ kí olórí ẹbí àti àwọn tó bá a pààlà, kí wọ́n mọ ojú rẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì pè é lẹ́yìn oṣù kan láti béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ. Ẹni tó ń ra pílọ́ọ̀tì kejì sábà máa ń jẹ́ àbúrò ẹni tó ra àkọ́kọ́.